Àlùmọ́gàjí: Irin Tí Ń Rẹ́ Igi

Bí a bá ní kí olúkúlùkù ka irin iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ẹ ó ka àdá, ẹ ó ka ọkọ́, ẹ ó ka àáké àti dòjé. Bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò dárúkọ àlùmọ́gàjí. Irin tẹ́lọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín kà á sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù fún wa ní Alímòṣọ́ ń fẹ́ rírẹ́ ju gígé lulẹ̀ lọ.

Orúkọ irin náà kì í ṣe ti èdè wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Almakashi ni àwọn Haúsá ń pè é, láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn náà sì ti gbà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́: rírẹ́ ni. A ń rẹ́ irun, a ń rẹ́ ilá, a ń rẹ́ ọwọ́ igi. Bí a bá ní a gé igi, ó lè ti wó lulẹ̀. Bí a bá ní a rẹ́ ẹ, a mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ṣì wà, yóò sì tún rú. Ẹni tó sì ń rẹ́ díẹ̀díẹ̀ lára ohun olóhun, tó ń jẹ ẹ́, ìrẹ́jẹ ló ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé obì tàbí kòkó dé iwájú òṣùwọ̀n oníṣòwò mọ ìyẹn dáadáa. Àwọn tó bá sì rẹ́ la ń pè ní ọ̀rẹ́. Ojú méjì àlùmọ́gàjí tí kò bá rẹ́, kò lè rẹ́ ohunkóhun. Ẹ bi ẹni tí ìṣó àárín tirẹ̀ ti tú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìtàn Nábálì tó ń rẹ́run àgùntàn rẹ̀ ní Kámẹ́lì rú mi lójú nínú Bíbélì, nítorí n kò rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Irun àgùntàn tiwa kúrú, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń hun aṣọ òtútù. Ní ilẹ̀ tí òtútù wà, ọdọọdún ni wọ́n ń rẹ́ ẹ. Irin kan ṣoṣo tí a tẹ̀ po láàárín ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ láyé àtijọ́: bí ọwọ́ bá tú u sílẹ̀, á la ẹnu fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta irú rẹ̀ fún yín nítorí àgùntàn, ẹ má rà á. Pátákò nìkan ló yẹ kí ẹ máa rẹ́ lára àgùntàn wa.

Ní ti igi, àáké ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn wa. Agége ló múlé tì wá, ìtàn ẹnu sì sọ pé lára àwọn agégi ni ìlú náà ti gba orúkọ. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896 gba Agége kọjá. Ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Láyé ìgbà náà ni àwọn ará Èkó bíi Jacob Kehinde Coker ń dá oko kòkó àti obì ńláńlá ní agbègbè Agége. Ní 1907 wọ́n dá Agege Planters' Union sílẹ̀, Coker sì ni olórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀: ó fi ọdún 28 ṣáájú òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1935. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti òkè wá sí oko wọn ló kó kòkó àti ọgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ padà sílé. Kòkó tí a kò bá sì rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á ṣú bolẹ̀, ọ̀rinrin á dúró sábẹ́ rẹ̀, àrùn tó ń sọ èso di dúdú á ráyè.

Nígbà yẹn, bí ilẹ̀ kan bá ṣá, igbó ń bẹ níwájú. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímòṣọ́. Ilé ló wà níwájú báyìí. Ẹni tó ní igi ọsàn mẹ́fà lẹ́yìnkùlé kò rí ibòmíràn tí yóò gbin méje sí. Mẹ́fà náà ni kí ó rẹ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹnu irin a máa gbé àrùn kiri, pàápàá irin tí ẹgbẹ́ jọ ń lò. Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Ní 1972 ni wọ́n dá àrùn bakitéríà kan mọ̀ lára rẹ̀ ní Nàìjíríà: ewé á rọ bí ẹni da omi gbígbóná sí i, oje á máa sun lára igi, ọ̀mùnú á kú láti òkè wá. IITA ní Ìbàdàn wá mú irú tó lágbára sí i jáde, bíi TMS 30572. Síbẹ̀, igi tó ní àrùn tí a gé gbìn, àti àdá tàbí àlùmọ́gàjí tí a fi gé e, lè gbé e dé oko ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí irin ẹgbẹ́ tó kúrò ní oko kan dé òmíràn, ẹ fọ erùpẹ̀ àti oje kúrò lára rẹ̀, ẹ po ife jìk kan mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, kí ẹ rì í sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi epo díẹ̀ sí ìṣó àárín rẹ̀, nítorí jìk a máa jẹ irin.