Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Fi Wá Ayé Tí Ó Rì Sómi

Ní ìparí ọdún 1910, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dúró ní Ìbàdàn, ìlú Mesì Ọ̀gọ̀, kí ó tó kọjá sí Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi tí ojúmọ́ ti í mọ́ wá. Ó fojú kan orí idẹ kan tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń bọ Olókun, kò sì pẹ́ tí ó fi kéde fún gbogbo ayé pé òun ti rí ipa Atlantis, ìlú tí Plato, àgbà ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, sọ nínú ìwé rẹ̀ pé ó rì sínú òkun ní ọ̀sán kan àti òru kan. Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ni Plato ní ó ni erékùṣù náà. Frobenius gbọ́ “Olókun” lẹ́nu àwọn ará Ifẹ̀, ó ní Poseidon ni, ó sì ti orí orúkọ yìí kọ́ ilé àlàyé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1912, pé àwọn tí ó ti òkè òkun wá ni wọ́n kọ́ Ifẹ̀ ní ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Nínú Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ yìí kan náà, ni Frobenius ti rí àfọ́kù ìkòkò tí ó nípọn, tí dígí ti yọ́ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, òmíràn aláwọ̀ aró, òmíràn aláwọ̀ ewé, àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ lóríṣiríṣi. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó kó jáde ju 12,000 lọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà dígí náà kò jọ ti Lárúbáwá, kò sì jọ ti Yúróòpù: Ifẹ̀ ni ó ti yọ́ ọ fúnra rẹ̀, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí kẹẹ̀ẹ́dógún, irú ìlẹ̀kẹ̀ náà sì rìn dé Gao létí odò Ọya. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Ifẹ̀ ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọlọ́rọ̀ obìnrin ni Olókun, aya Odùduwà, ẹni tí ó ni ìlẹ̀kẹ̀. Ìtàn náà, ní ẹnu àwọn tí ó ni ín, na ìka sí ibi tí ẹ̀rí wà. Ìgbà tí a sọ ọ́ di Poseidon ni ó tó darí ẹni sínú agbami.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ tí a ó fi máa kọ́ ẹ̀kọ́ wíwalẹ̀ wá ìtàn ní Yorùbá sí ọ̀ràn ńlá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 la ọ̀nà fún àwọn tí ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Àwọn tí ń walẹ̀ ṣì ń fi ọwọ́ wá tiwọn. Mo gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó, ní Ìbàdàn, pé nígbà tí òun sọ fún ìyá àgbà òun pé ilẹ̀ ni àwọn ń wà ní yunifásítì, ohun tí ìyá bèèrè ni pé, “Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe sàréè olówó ni ẹ ń tú?” Ìbéèrè náà tọ́. “Awalẹ̀pìtàn”, orúkọ tí a ń pe ẹni tí ń walẹ̀ wá ìtàn, ni ó dá ìyá lóhùn, nítorí ó sọ ohun tí a ń walẹ̀ sí: ìtàn ni, kì í ṣe ẹrù òkú.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo wa ni “ọ̀làjú”, ó sì dára nígbà tí a bá ń sọ ti ilé ẹ̀kọ́ àti iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ojú òun là ti jẹ́wọ́ pé ó dì rí, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti là á fún òun, ohun tí Frobenius sì ń sọ nípa Ifẹ̀ nìyẹn gan-an. Bí a bá wá pe Ifẹ̀ àtijọ́ ní “ọ̀làjú tí ó sọnù”, ọwọ́ òsì ni a fi júwe ilé bàbá wa. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń wí pé ayé Olúgbọ́n, wọ́n ń wí pé ayé Arẹ̀sà, nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni ọba, òfin, ọjà, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀sìn sì ń gbé pọ̀. Ayé tí ó rì sómi ni èmi yóò máa pe Atlantis.

Àwọn ohun èlò mìíràn wà nílẹ̀, kò sí ìdí láti máa tọrọ. Ibi tí ará àtijọ́ ń da ilẹ̀ sí, ààtàn ni. Ilé tí ó wó ku ògiri, àlàpà ni. Ìlú tí ènìyàn kó kúrò nínú rẹ̀, ahoro ni. Ohun tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà Ifẹ̀, èyí tí a sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin, ni ó pàṣẹ rẹ̀, àpáàdì ni. Èyí tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù ni ààlà láàárín ìtàn ìwáṣẹ̀, àbá àti ẹ̀rí. Àbá ní í di òótọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àbá tí Frobenius dá kò rí ẹ̀rí kankan gbé e ró títí di òní.

Ti abẹ́ omi wá ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó mọ bí odò Ògùnpa ṣe ya wọ ilé ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ìtumọ̀ omíyalé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá ìtàn nísàlẹ̀ òkun kì í walẹ̀ kí ó tó mòòkùn, nítorí náà mo dábàá “amòòkùnpìtàn” fún un. Àwọn kan yóò rántí òwe amòòkùn-jalè, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ náà kò mọ́. Olè ni òwe náà bá wí, kò bá ẹni tí ó mòòkùn wí.

Orúkọ yìí yóò wúlò láìpẹ́, nítorí pé Ayétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti ń pàdánù òpópónà àti ilé fún òkun lójú ayé wa. Ibẹ̀ ni ìlú tí ń rì wà ní tòótọ́, àwọn tí ó gbé inú rẹ̀ sì ṣì wà láàyè láti tọ́ka ibi tí ilé wọn wà. Ọ̀rọ̀ kan ni èmi ará Bódìjà, tí òkun jìnnà sí, kò gbọdọ̀ dá ṣẹ̀dá: orúkọ oríṣiríṣi ẹrẹ̀ àti yanrìn tí ìgbì ń kó bo ohun tí ó rì. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ń fi àwọ̀n àti ẹsẹ̀ mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó gbé ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn, kí wọ́n gba orúkọ náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ní Ìbàdàn dá òmíràn.