Láti orí àpò fúláwà ní Ghana dé orí Steam: Bí àwòrán ṣe ń ta ohun tí oníbàárà kò tíì rí

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àmọ́ kí ni èèyàn fẹ́ fi polówó ọjà tí oníbàárà kò lè fọwọ́ kàn, tí kò lè tọ́ wò, tí kò sì rí irú rẹ̀ rí?

Ìbéèrè yìí ló wà níwájú ẹnikẹ́ni tó bá ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà láìsí ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Lórí ṣọ́ọ̀bù íntánẹ́ẹ̀tì bíi Steam, àwòrán kékeré kan, orúkọ géèmù náà àti gbólóhùn mélòó kan ló máa kọ́kọ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Tí kò bá dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ó ti kọjá sí òmíràn nìyẹn.

Ìbéèrè náà dàgbà ju Steam lọ. Àwọn ayàwòrán ní Ghana ti dáhùn rẹ̀ lọ́nà tiwọn ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn.

Sinimá inú ọkọ̀

Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ti dé Ghana, àwọn oníṣòwò kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ kékeré sínú ọkọ̀. Wọ́n ń ti ìlú bọ́ sí abúlé láti ṣe sinimá, títí kan ibi tí iná mànàmáná kò dé.

Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, pósítà ni ará ìlú máa rí, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń yà á. Àwọn ayàwòrán bíi Joe Mensah, Leonardo àti Heavy J máa ń lo àpò fúláwà tí wọ́n ti tú, tí wọ́n sì rán pọ̀, wọ́n á wá fi ọ̀dà ya àwòrán sí i. Aṣọ àpò náà lágbára, ó ṣeé ká, ó sì ṣeé gbé lọ sí abúlé tó kàn.

Wọ́n ya fíìmù Hollywood, ti Hong Kong, ti Ghana fúnra rẹ̀ àti ti Nàìjíríà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ayàwòrán náà kò tíì wo fíìmù ọ̀hún. Páálí kásẹ́ẹ̀tì tàbí ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ejò tí kò sí nínú fíìmù lè yọ lójú pósítà, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti farapa, apá òṣèré sì lè tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

Ṣé irọ́ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, lápá kan. Àmọ́ ó bá òwò náà mu, nítorí ẹni tó ti sanwó ti sanwó, ọkọ̀ sinimá kì í sì í pẹ́ nílùú.

Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, tẹlifíṣọ̀n ti wọ inú ilé, pósítà onítẹ̀wé náà ti dé, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán náà sì dínkù. Lónìí, àwọn tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló ń wá pósítà wọ̀nyí kiri. Àsọdùn tí wọ́n fi ń pe èrò wá sí sinimá gan-an ni wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó.

Páálí tó ń ṣèlérí

Àwọn tó ń ta géèmù ní Amẹ́ríkà náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Atari gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ jáde lọ́dún 1977, ohun tó ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kò ju àmì onígun mẹ́rin mélòó kan lọ. Lára páálí Combat, àmọ́, Cliff Spohn ya ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ òfuurufú tó ń jà kíkankíkan. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè fi hàn ni àwòrán náà fi sọ́kàn ẹni tó ń gbá géèmù.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí sí rere. Páálí tí wọ́n fi ta Mega Man, géèmù ilẹ̀ Japan, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987 ṣì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín títí dòní. Àgbàlagbà ọkùnrin tó mú ìbọn dání ni wọ́n yà síbẹ̀. Ọmọdékùnrin róbọ́ọ̀tì tí apá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yìnbọn ló wà nínú géèmù náà.

Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í padà

Lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ Valve tó ni Steam dá ètò Greenlight sílẹ̀, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń dìbò fún géèmù tí wọ́n bá fẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù náà kò tíì parí. Àwòrán, fídíò àti àlàyé ni wọ́n ń dìbò fún. Lọ́dún 2017, Valve fòpin sí i, ẹni tó bá sì ti lè san $100 lè gbé géèmù tirẹ̀ wá. Ọjà kún fọ́fọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ló ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Steam kéde pé oníbàárà lè gba owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14, tí kò bá tíì gbá géèmù náà tó wákàtí 2. Ọkọ̀ sinimá Ghana kò ní irú òfin yìí. Tí àwòrán bá ṣèlérí ogun, tó wá jẹ́ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni oníbàárà bá níbẹ̀, owó á padà, yóò sì tún kọ ohun tójú rẹ̀ rí sábẹ́ géèmù náà kí gbogbo ayé lè kà á.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Valve tún ní kí wọ́n yọ àmì ẹ̀yẹ, máàkì àti ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó kúrò lára àwòrán. Àwòrán géèmù àti orúkọ rẹ̀ ló kù.

Enzo àti Erine ń wá ìtẹ́ wọn

Inú ọjà yìí ni Kiro'o Games wọ̀ láti Yaoundé, olú ìlú Cameroon. Láti ọdún 2003 ni Olivier Madiba ti ń ro géèmù tó pè ní Aurion: Legacy of the Kori-Odan, àmọ́ ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ náà tó ṣílẹ̀kùn. Iná mànàmáná ń ṣe ségesège, owó kò sì sí. Wọ́n ta ìpín fún àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2015, wọ́n bọ́ sórí Kickstarter láti wá 40,000 yúrò, wọ́n sì rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó dáwó kò mọ Madiba, wọn kò sì tíì gbá géèmù náà parí. Ohun tí wọ́n rí ni Enzo Kori-Odan, ọmọ aládé ìlú Zama, àti Erine Evou ìyàwó rẹ̀: èèyàn dúdú méjì, pẹ̀lú aṣọ àti ọ̀ṣọ́ tí wọ́n mú láti inú àṣà Áfíríkà. Lọ́jọ́ tí Enzo fẹ́ gorí oyè, tó sì ń ṣègbéyàwó, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ dìtẹ̀ gbàjọba. Tọkọtaya náà wá bọ́ sójú ọ̀nà láti wá agbára àwọn baba ńlá wọn, kí wọ́n lè gba ìtẹ́ padà.

Ìtàn náà kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, àmọ́ ó sọ irú ẹni tí èèyàn máa jẹ́, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó máa fi jà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé géèmù ti ń kùnà: wọ́n á ka iye ohun ìjà àti iye ìpele, láìsọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa jà.

Orúkọ náà gùn jù fún àwòrán kékeré, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n Kiro'o kò fi ojú aláwọ̀ funfun bo ìtàn rẹ̀ kó lè rí oníbàárà ní Yúróòpù. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà ló wà nínú géèmù náà, òun náà ni wọ́n gbé síta. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni Aurion wọ Steam.

Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ yìí kan náà ṣe géèmù orí fóònù kan nípa òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bá ìwà ìbàjẹ́ pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Le Responsable Mboa ni wọ́n pè é. Ní Cameroon, ilé ẹni, ìlú ẹni, ni wọ́n ń pè ní mboa, wọn kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò kankan.