Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Ìlú Mobile

Ọ̀rọ̀ wa lónìí ni "ọkọ̀ abẹ́ omi", ìyẹn ọkọ̀ tó ń rìn lábẹ́ omi bí ẹja.

Láti Ellenwood níbí dé Mobile ní Alabama, bíi wákàtí márùn-ún ni pẹ̀lú mọ́tò. Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861–1865), ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ dí ẹnu èbúté ibẹ̀. Horace Hunley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kan ọkọ̀ abẹ́ omi kan, American Diver. Owó Hunley ni wọ́n ná sí i (èmi oníṣirò owó kò lè fo ìyẹn). Wọ́n gbìyànjú ẹ́ńjìnnì iná mànàmáná, kò lágbára tó. Wọ́n gbìyànjú ti ooru omi, pàbó. Ni wọ́n bá ní kí àwọn ọkùnrin máa fọwọ́ yí i! Ní oṣù kejì 1863, ó rì sí Mobile Bay, wọn kò sì rí i gbé jáde.

Ẹ gbọ́ èyí tó kàn wá. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó bíi 110 ènìyàn láti Ouidah wá sí Mobile yìí kan náà, bẹ́ẹ̀ òfin ti ka irú òwò yẹn léèwọ̀ láti 1808. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, ọmọ agbègbè Banté ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Nígbà tí Hunley ń kan ọkọ̀ rẹ̀, ẹrú ni Kossola ní Mobile. Èbúté tí wọ́n fẹ́ ṣí, àwọn tó ni ẹrú ni ìbá jèrè rẹ̀.

Oṣù kẹrin 1865 ni àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ sọ fún Kossola pé ó ti dòmìnira. Òun àti àwọn yòókù ra ilẹ̀, wọ́n dá Africatown sílẹ̀.