Ìfarapa àti Yíyan Agbábọ́ọ̀lù: Super Eagles àti Aládùúgbò Wọn Benin, 2010 sí 2025

Kétu àti ẹgbẹ́ méjì

Orí ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ ni ìlú Kétu wà, ní ìlà-oòrùn Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Ní ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi àdéhùn la ààlà gba agbègbè náà kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí òun náà jẹ́ ìlú àwọn ọmọ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ìyá ti ń gbé ní ìhà méjèèjì ibodè, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì ń sin ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè méjèèjì gba òmìnira ní ọdún 1960, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀: Super Eagles ti Nàìjíríà, àti ẹgbẹ́ Benin tí à ń pè ní Guépards lónìí.

Láàárín ọdún 2023 sí 2025, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé ní Ìsọ̀rí C nínú ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ fún Ife Àgbáyé 2026. Gúúsù Áfíríkà, Rwanda, Lesotho àti Zimbabwe ni àwọn mẹ́rin yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ lóye bí ìsọ̀rí náà ṣe parí gbọ́dọ̀ mọ ipa tí ìfarapa kó nínú yíyan àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti ní ìtàn tirẹ̀ ṣáájú ọdún 2023.

Òfin tó de akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kì í ra agbábọ́ọ̀lù. Lọ́wọ́ àwọn kílọ́ọ̀bù ni ó ti ń gba àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́, tí yóò sì dá wọn padà. Bí ẹnì kan bá farapa ní kílọ́ọ̀bù, akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè ni yóò wá arọ́pò. Bí ó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ orílẹ̀-èdè ni ó ti farapa, kílọ́ọ̀bù ni yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì tún máa san owó rẹ̀. Nítorí èyí ni àjọ FIFA ṣe dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 2012, èyí tó ń san owó fún kílọ́ọ̀bù tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ orílẹ̀-èdè, tí kò sì lè padà sórí pápá fún ohun tó lé ní ọjọ́ 28.

Iye ènìyàn tí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè kó lọ sí ìdíje náà ní òfin. Títí di Ife Àgbáyé 1998, agbábọ́ọ̀lù 22 ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń mú lọ. Ó di 23 ní ọdún 2002, ó sì di 26 ní ọdún 2022. Bí ẹnì kan nínú wọn bá farapa gan-an, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, a lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ títí di wákàtí 24 ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, àyè kò sí mọ́ àfi fún aṣọ́lé. Àwọn tó bá wà nílẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò fi parí ìdíje.

Ètò yìí yàtọ̀ sí ti àwọn ìdíje kan ní òkè òkun. Nínú líìgì NHL, ìyẹn ti họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní eléré 23 lójú iṣẹ́. Ẹni tó bá farapa tí kò ní lè ṣeré fún ọjọ́ méje ó kéré tán, a lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó farapa, kí a sì pe ẹlòmíràn láti líìgì kékeré wá dípò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá yá, yóò padà. Ní sáà 2020 sí 2021, Nikita Kucherov ti ẹgbẹ́ Tampa Bay kò ṣeré rárá títí líìgì fi parí nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ní ìbàdí. Ó padà fún ìpele ìkẹyìn, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀. Yíyan tó yan arọ́pò sínú ẹgbẹ́ ṣáájú ni ó máa ń gbà á.

Gúúsù Áfíríkà 2010 títí dé Brazil 2014

Ní ọdún 2010, Ife Àgbáyé kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí Nàìjíríà fi pàdánù John Obi Mikel, ẹni tí eré àárín pápá dúró lé lórí. Brown Ideye, tó jẹ́ àtamátàsé, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Iye ènìyàn pé, ṣùgbọ́n ipò tó ṣófo kọ́ ni wọ́n dí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Greece gbá, Taye Taiwo tó ń dílé mú ní apá òsì farapa. Elderson Echiéjilé wọlé dípò rẹ̀, òun náà sì farapa ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà. Rabiu Afolabi, tó jẹ́ adílémú àárín, ni ó bọ́ sípò wọn, òun náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ eré níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kojú South Korea ní ọjọ́ 22. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí sí ọ̀mì 2-2, Nàìjíríà sì padà sílé pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo.

Ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà 2013 fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Stephen Keshi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Emmanuel Emenike ti gbá góòlù mẹ́rin sáwọ̀n kí ó tó farapa ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, nígbà tí Nàìjíríà na Mali 4-1 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí àṣekágbá wáyé. Ikechukwu Uche, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni Keshi fi sípò rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, góòlù tí Sunday Mba gbá wọlé fún Nàìjíríà ní 1-0 lórí Burkina Faso, àti ife náà. Nínú eré yìí kan náà ni Echiéjilé jáde tí Juwon Oshaniwa sì rọ́pò rẹ̀. Adílémú apá òsì rọ́pò adílémú apá òsì, ìlà ẹ̀yìn kò sì dàrú.

Ní ọdún 2014, Echiéjilé tún farapa nígbà tí Nàìjíríà ń bá Greece gbá eré ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ṣáájú Ife Àgbáyé. Ejike Uzoenyi ni wọ́n pè wá láti dí iye, Oshaniwa ni ó sì dí ipò. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní Brazil, ìfarapa ń wá ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Godfrey Oboabona kò parí ìlàjì àkọ́kọ́ eré Iran, Joseph Yobo sì wọlé dípò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, bọ́ọ̀lù tí Ogenyi Onazi gbá kíkankíkan bá apá Michael Babatunde, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kán an. Babatunde kò lè ṣeré mọ́ nínú ìdíje náà. Ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Nàìjíríà kojú Faransé. Òdo sí òdo ni eré wà nígbà tí Onazi fúnra rẹ̀ farapa, tí Reuben Gabriel sì rọ́pò rẹ̀. Faransé borí 2-0, góòlù méjèèjì sì wọlé lẹ́yìn ìgbà tí Onazi jáde.

Ìdíje méjì, àbájáde méjì

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Victor Osimhen, àtamátàsé Nàìjíríà, fara gbá níbi tí Napoli ti ń bá Inter Milan gbá. Egungun ojú rẹ̀ fọ́, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Augustine Eguavoen, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, ṣì fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tó ń lọ sí Cameroon fún Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Kò rí i mú lọ, Peter Olayinka sì rọ́pò rẹ̀. Nàìjíríà borí nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìsọ̀rí, ṣùgbọ́n nígbà tí Tunisia gbá góòlù kan wọlé ní ìpele ẹgbẹ́ 16, wọn kò rí i dá padà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá José Peseiro yan agbábọ́ọ̀lù 25 fún ìdíje irú rẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Mẹ́ta nínú wọn bọ́ sílẹ̀ nítorí ìfarapa kí eré tó bẹ̀rẹ̀: Wilfred Ndidi, Umar Sadiq àti Victor Boniface. Alhassan Yusuf, Paul Onuachu àti Terem Moffi ni wọ́n rọ́pò wọn. Ní ti ipò, ìrọ́pò náà bójú mu: ẹni àárín pápá fún ẹni àárín pápá, àtamátàsé fún àtamátàsé. Láìsí Ndidi, Peseiro gbé àárín pápá lé Alex Iwobi àti Frank Onyeka lọ́wọ́. Láti eré kejì, ó fi adílémú kẹta kún àárín ìlà ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, Nàìjíríà gbá eré mẹ́rin tẹ̀léra láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọ ilé wọn. Wọ́n dé àṣekágbá ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, níbi tí Côte d'Ivoire ti fi 2-1 borí wọn.

Ìsọ̀rí C

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Osimhen farapa ní iṣan ẹ̀yìn itan nínú eré ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Saudi Arabia. Nígbà tí ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, kò sí níbẹ̀. Nàìjíríà ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Lesotho ní Uyo, ó sì tún ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Zimbabwe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìfarapa mìíràn tún dá Osimhen dúró. Finidi George, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà ní Uyo ní ọjọ́ 7 oṣù náà.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Nàìjíríà pàdé Benin ní Abidjan. Gernot Rohr ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Benin. Òun ni ó ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà láti ọdún 2016 sí 2021, ó sì mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní ìhà kejì bí ẹni mowó. Raphael Onyedika kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà. Jodel Dossou dá a padà, Steve Mounié sì fi èkejì kún un kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí. Benin borí 2-1. Finidi fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Éric Chelle gba iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ní oṣù Kẹta, Osimhen gbá góòlù méjèèjì tí Nàìjíríà fi borí Rwanda ní Kigali, ó sì gbá góòlù kan nínú ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Zimbabwe. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n tún ń bá Rwanda gbá ní Uyo, ó farapa ní ojúgun. Cyriel Dessers wọlé dípò rẹ̀ kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, Tolu Arokodare sì gbá góòlù kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, láìsí Osimhen, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà ní Bloemfontein.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, Benin wá sí Uyo fún eré ìkẹyìn. Àmì 17 ni Benin ní, ó sì wà lókè tábìlì. Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Bí Benin bá borí, tirẹ̀ ni ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ara Osimhen ti yá. Ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé, Onyeka fi ìkẹrin kún un. Gúúsù Áfíríkà na Rwanda lọ́jọ́ kan náà, ó gba ipò kìíní pẹ̀lú àmì 18. Nàìjíríà àti Benin ní 17 àmì kọ̀ọ̀kan, góòlù ni ó sì gbé Nàìjíríà sí ipò kejì. Ìrètí Benin láti lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ parí síbẹ̀.

Ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn

Bí a bá kó eré mẹ́wàá tí Nàìjíríà gbá nínú ìsọ̀rí náà jọ, márùn-ún ni Osimhen ṣe, márùn-ún ni kò ṣe. Nínú àwọn tó ṣe, Nàìjíríà rí àmì 13 nínú 15. Nínú àwọn tí kò ṣe, àmì mẹ́rin péré ni wọ́n rí. Ìfarapa nìkan kọ́ ni ó fà á, nítorí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò náà, ètò eré sì ń yí tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a lè kà sí orí ire tàbí orí ibi lọ.

Ipò kejì náà gbé Nàìjíríà dé ìdíje àfikún fún Ife Àgbáyé, ìdánwò ìkẹyìn yìí sì wáyé ní Rabat ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Ní ọjọ́ 13, Osimhen gbá góòlù méjì nínú àfikún àkókò tí Nàìjíríà fi na Gabon 4-1. Ní ọjọ́ 16, wọ́n kojú DR Congo. Ọ̀mì 1-1 ni eré wà ní ìsinmi ìlàjì, nígbà tí ìfarapa mú Osimhen jáde. Fún ìlàjì kejì àti àfikún àkókò, Nàìjíríà kò rí góòlù mìíràn. DR Congo borí 4-3 nínú pẹ́nárítì, Nàìjíríà sì pàdánù Ife Àgbáyé lẹ́ẹ̀kejì tẹ̀léra.

Nínú gbogbo ìdíje wọ̀nyí, ohun kan náà ló ń hàn. Kò sí ìdíje kan tí ìfarapa kò dé. Ohun tó ya 2013 àti ìrìn-àjò Côte d'Ivoire sọ́tọ̀ ni pé arọ́pò tó mọ iṣẹ́ ipò náà ti wà nínú ẹgbẹ́, tàbí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tún eré rẹ̀ ṣe ní kíá láti bá àwọn tó kù mu. Ní 2010 àti ní ìbẹ̀rẹ̀ Ìsọ̀rí C, ẹnì kan ṣoṣo ni eré dúró lé, nígbà tí ẹni náà sì bọ́ sílẹ̀, eré náà kò ní ibi tí yóò fi ìdí tì. Ọ̀rọ̀ yìí kan Benin ju Nàìjíríà lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn kílọ́ọ̀bù ńlá kò pọ̀, nítorí náà ìfarapa ẹnì kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́. Láti inú líìgì abẹ́lé àti pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti ń tọ́ àwọn arọ́pò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, Pobè àti àwọn ìlú yòókù, ọdún púpọ̀ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.