Ata nínú glace: ìtàn àwọn àlejò méjì ní ilẹ̀ Bicol

Ní ìlú Legazpi, lábẹ́ òkè oníná Mayon, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù Luzon ní orílẹ̀-èdè Filipíìnì, wọ́n ń ta glace kan tí wọ́n fi ata ṣe. Bí a bá fi í sẹ́nu, òtútù àti adùn wàrà ni a ó kọ́kọ́ gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ata yóò dìde ní ọ̀fun. Ilé oúnjẹ 1st Colonial Grill, tí òkìkí glace náà ti kàn, pín in sí ìpele ìpele gẹ́gẹ́ bí ata inú rẹ̀ ti tó.

Nígbà tí a sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn pé ọgbọ́n àtigbowó lọ́wọ́ arìnrìn-àjò lásán ni, kò lè jẹ́ oúnjẹ ìbílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára, nítorí ohun kan náà ni wọ́n ń sọ nípa ọ̀pọ̀ nǹkan tiwa.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti ṣẹ̀ wá. Láti 1565 di 1815, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Sípéènì ń ti Acapulco ní Mẹ́síkò kó fàdákà lọ sí Manila, wọ́n sì ń kó ṣílíkì ilẹ̀ Ṣáínà bọ̀. Ọ̀nà yìí ni àgbàdo, kòkó, tábà àti ata gbà dé ibẹ̀. Ní Manila, orúkọ tí àwọn ará Mẹ́síkò ìgbàanì ń pe ata, chilli, ni ó di sili. Ṣùgbọ́n lada ni àwọn ará Bicol ń pè é, ọ̀rọ̀ tí èdè Malay fi ń pe irú iyèré tiwọn, tí wọ́n ń jẹ kí ata tó dé rárá. Orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fi sọ àlejò. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: àwọn Potogí ni wọ́n gbé ata dé etíkun wa, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà nínú ataare, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Ta ni ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu tí yóò gbà pé àjèjì ni ata nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ará Filipíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ata, Bicol yàtọ̀. Wọ́n á fún oje àgbọn, wọ́n á fi se ewé, edé tàbí ẹran pẹ̀lú ata rẹpẹtẹ. Ní àwọn ọdún 1970, ní àdúgbò Malate ní Manila, Cely Kalaw se irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi orúkọ ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Bicol pè é: Bicol Express. Olú-ìlú ni orúkọ tí ayé mọ oúnjẹ wọn sí ti wá. A kò mọ̀ bóyá kí a rẹ́rìn-ín tàbí kí a bínú.

Àlejò kejì ni yìnyín. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898, wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ yìnyín ńlá kan sí Manila ní 1902. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri òpópó mú yìnyín, wọ́n bu iyọ̀ sí i kí òtútù rẹ̀ lè le sí i, wọ́n ti agolo sáàárín rẹ̀, wọ́n sì ń yí i títí ohun inú rẹ̀ fi dì. Wàrà ẹfọ̀n tí ń túlẹ̀ oko ìrẹsì, tàbí oje àgbọn, ni wọ́n ń lò. Sorbetes ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí ń ta ni lẹ́nu nínú ata kì í yòrò nínú omi. Ọ̀rá ni ó ń yòrò sí. Ọ̀rá wàrà a máa dì í mú, òtútù kì í sì í jẹ́ kí ahọ́n tètè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ata inú glace fi ń pẹ́ kí ó tó jáde. Àwọn ìyá Bicol, tí ń se ata nínú ọ̀rá àgbọn, ti ń lo ọgbọ́n yìí láìsí ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa jàre níbì kan: glace ata kò tíì pẹ́ láyé, àwọn tí ń wá wo Mayon sì wà lára àwọn tí ń rà á. Ṣùgbọ́n ní ilé oúnjẹ kan náà, wọ́n ń ta glace èso pili, igi ilẹ̀ Bicol, wọ́n sì ń ta ti ìrẹsì yíyan.