Augusta National
Ẹgbẹ́ agbá-gọ́ọ̀fù aládàáni ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà. Bobby Jones, ògbóǹtarìgì nínú eré náà, àti Clifford Roberts ló dá a sílẹ̀. Alister MacKenzie bá Jones ṣètò pápá sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́ igi eléso àti òdòdó tẹ́lẹ̀. Abájọ tí ihò 18 ibẹ̀ fi ń jẹ́ orúkọ ewéko. Ìdíje Masters bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1934; láti 1949 ni wọ́n ti ń wọ kóòtù aláwọ̀ ewé fún ẹni tó bá borí. Ẹwà pápá yìí kò bo àbùkù rẹ̀: ní 1975 ni Lee Elder di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kópa nínú Masters, 1990 ni ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aláwọ̀ dúdú wọlé, àwọn obìnrin sì dúró di 2012, nígbà tí Condoleezza Rice àti Darla Moore wọlé.