Ẹ̀kú Àgbákò: Orúkọ Wo Ló Yẹ Aṣọ Iwin Lórí Ìtàgé?

"Aṣọ ẹ̀dá abàmì àfinúrò tí ó ṣeé yọ kúrò ní ara." Irú gbólóhùn gbọ̀ọ̀rọ̀ báyìí ló sábà máa ń jáde bí ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ fi Yorùbá pe ohun tí òṣèré ń gbé wọ̀ kó tó di iwin lórí ìtàgé. Kò sí ẹ̀bi gírámà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan gbé e tọ télọ̀ lọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kó ní òun fẹ́ rán aṣọ ẹ̀dá abàmì àfinúrò. Télọ̀ á fi téèpù kọ́ ọrùn, á máa wò ó.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ́ ló yẹ kí irú ìdààmú yìí ti ṣẹlẹ̀ rárá. Òkè-Igbó tí wọ́n ti bí D.O. Fágúnwà ní 1903 wà lójú ọ̀nà tó ti ìlú Oǹdó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ọdẹ Àkàrà-oògùn pàdé Àgbákò. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka bí Fágúnwà ṣe júwe iwin náà yóò rí i pé aṣọ ló pọ̀ jù lára rẹ̀: fìlà irin, ẹ̀wù idẹ, ṣòkòtò awọ. Láti orúnkún dé ẹsẹ̀ dà bí imọ̀ ọ̀pẹ. Àwọ̀n onírin yí ìbàdí rẹ̀ ká, oríṣiríṣi ẹ̀dá fi ibẹ̀ ṣelé, títí kan ejò tó ń yọ ahọ́n. Ojú mẹ́rìndínlógún ló wà lórí rẹ̀ yíká. Bí télọ̀ bá ka ojú ìwé yẹn, iṣẹ́ ti dé nìyẹn.

Bí ẹgbẹ́ òṣèré bá fẹ́ gbé Àgbákò jáde ní gbọ̀ngàn Adégbẹ́milé ní Àkúrẹ́, tàbí ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní Oǹdó, fóòmù ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó náà tó o lò. Wọn á fi ọ̀bẹ mímú gé e, wọn á fi gọ́ọ̀mù lẹ ègé kan mọ́ èkejì, wọn á sì gbé orí náà ka akoto ọlọ́kadà kó má baà máa mì lórí òṣèré. Ojú mẹ́rìndínlógún yẹn ò wúlò fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹnu Àgbákò ni yóò gbà máa ríran, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nẹ́ẹ̀tì dúdú bo ẹnu náà, kí èrò ìwòran má baà rí imú ènìyàn nínú ọ̀fun iwin. Wọn á dá ihò sí ìpàkọ́ kí ooru lè ríbi jáde. Ẹ̀yìn ni ibi ṣíṣí máa ń wà, kí ẹlòmíràn lè bá òṣèré tú u láàárín ìran kan sí èkejì.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí kò fa wàhálà. Ìtàgé, òṣèré, olùdarí, ìran, ẹ̀dá-ìtàn: wọ́n ti délé, wọ́n ti jókòó. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, ti la ọ̀nà fún àwọn olùkọ́. Fóòmù, gọ́ọ̀mù, síìpù, wáyà àti nẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa pe fóòmù ní kànìnkànìn-ìtẹ́sùn, òun nìkan ni yóò máa pè é.

Orí aṣọ fúnra rẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́sítúùmù ni àwọn òṣèré ń pè é, kò sì yani lẹ́nu. Nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí sọ ìtàn Fágúnwà yìí di eré Langbodo, tí Dàpọ̀ Adélugbà darí rẹ̀ fún Nàìjíríà ní àjọ̀dún FESTAC 1977 ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè tí a bá fi ṣe eré ni a máa ń fi pe ẹrù eré. Àwọn tó fẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé ní ká máa pè é ní aṣọ eré. Ṣùgbọ́n eré ni bọ́ọ̀lù, eré ni àríyá, eré sísá náà, eré ni. Jẹ́sì agbábọ́ọ̀lù, aṣọ eré ni.

Ẹ̀kú ńkọ́? Ẹnu àwọn àgbà kan kì í gbà á. Ẹ̀kú, wọ́n ní, ti eégún ni; baba ló ni ín, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ awo ló ń gbé, kò sì yẹ kó máa rọ̀ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò mínírà nínú yàrá tí àwọn òṣèré ti ń pààrọ̀ aṣọ. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, eégún aláré ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó ń wo eré níwájú Aláàfin. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1829 ròyìn àwọn òṣèré tó wà nínú àpò, àti òjòlá gígùn kan tí wọ́n fi ọ̀dà kun àwọ̀ rẹ̀, tó ń na orí jáde bí ẹni tó fẹ́ bu ènìyàn ṣán. Lẹ́yìn èyí, àpò kan bọ́ sílẹ̀, ni òyìnbó kan bá yọ: ó gbẹ, òtútù ń mú un, ó ń fa áṣáà símú, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rin ilẹ̀ lásán rí. Clapperton wo ara rẹ̀ lórí ìtàgé, ó sì gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀kú ni òjòlá yẹn, ẹ̀kú sì ni òyìnbó yẹn. Kò sẹ́ni tó ní baba ńlá òun ni ejò náà. Lójú agbo ni àwọn apidán ti ń fa ẹ̀kú láti inú, tí inú rẹ̀ ń di òde, tí ohun tó wọlé bí aṣọ aláràbarà sì ń di ẹkùn tàbí ọ̀nì. Ẹ̀kú ìsìn wà, ẹ̀kú eré sì wà. Ẹni tó ń kọ èyí fara mọ́ "ẹ̀kú eré", kò sì rí ìdí tí a ó fi máa bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ta wá ni òṣèré ń dà bí ó bá ti wọ inú ẹ̀kú tán? "Abàmì ẹ̀dá" kọ́. Ẹyẹ lè jẹ́ abàmì, igi lè jẹ́ abàmì. Yàtọ̀ sí èyí, Abàmì Ẹ̀dá ti di orúkọ tí gbogbo ayé fi ń ki Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó eré nílé ìtura kan l'Ákùúrẹ́, sáàsófóònù ni èrò yóò máa retí.

Ọ̀rọ̀, iwin inú igbó, náà wà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ nípa Aláàfin Abípa tó fẹ́ kó ìlú padà láti Ìgbòho sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ dọ́gbọ́n: wọ́n kó abuké, arọ, àfín àti irú wọn pamọ́ sórí òkè kan níbẹ̀, kí wọ́n máa ké lóru bí ọ̀rọ̀. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ mú wọn, orúkọ tó sì ń jẹ́ títí dòní ni Ọba Mọ́rọ̀. Eré iwin gidi nìyẹn, òkè ni ìtàgé, ọba ni wọ́n fẹ́ dẹ́rù bà! Àléébù kan ṣoṣo tí orúkọ yìí ní ni pé ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀ inú igbó àti ọ̀rọ̀ ẹnu ní. Bí a bá gbà á wọlé, "ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀" yóò di iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ó ku àǹjọ̀nú àti iwin. Àwọn tó kórìíra àyálò gbọ́dọ̀ dákẹ́ níbí, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àǹjọ̀nú ti wá, Fágúnwà alára sì fi Àǹjọ̀nú-ìbẹ̀rù ṣe olùṣọ́nà nínú Igbó Olódùmarè ní 1949. Wọlé Ṣóyínká náà wá orúkọ kiri fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí nígbà tó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ní 1968: "daemon" ló kọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi "a" sí i kí wọ́n má baà pe irúnmalẹ̀ ní èṣù. Iwin ni kí ẹgbẹ́ òṣèré máa lò. Ó kúrú, ọmọdé mọ̀ ọ́n láti inú àlọ́, kò sì ní ìsìn kankan tí yóò bínú.

Orí fóòmù yẹn náà ń fa awuyewuye. Àwọn onígbàgbọ́ ti ní àṣíborí láti inú Bíbélì, àwọn kan sì ní ká lò ó. Bẹ́ẹ̀ àṣíborí ń dáàbò bo ẹni tó dé e, orí Àgbákò sì ń dẹ́rù ba ẹni tó ń wò ó. Èkìtì, tó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di 1996, ní orúkọ tó sàn jù. Orí igi eégún Ẹ̀pà lè ru ẹlẹ́ṣin tàbí ẹkùn lókè, ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ tó kó orí ẹni tó gbé e sínú, ìkòkò ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò! Ó ní ikùn, ó ní ẹnu, ènìyàn sì ń ki orí bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

"Tí ó ṣeé yọ kúrò" wá ńkọ́? Ẹ gé e dànù. Ní Yorùbá, ohun gbogbo tí a wọ̀ ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà kúrò: a ń dé fìlà, a ń ṣí i, a ń wé gèlè, a ń tú u, a ń wọ ẹ̀wù, a ń bọ́ ọ. Ọwọ́ tó bọ̀ sínú ìbọ̀wọ́, ohùn òkè la fi ń bọ́ ọ jáde. Ohun tó nílò àlàyé ni èyí tí kò ní bọ́, irú ìwo tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iwájú orí òṣèré gan-an. Èyí ni ká sọ ní "àlẹ̀mára", kí télọ̀ sì mọ ohun tí kò gbọdọ̀ fà.

Ibi ṣíṣí ní ẹ̀yìn ẹ̀kú ló kù. Síìpù máa ń há, bọ́tìnnì máa ń pẹ́. Velcro ni àwọn aránṣọ fẹ́ràn. George de Mestral, ọmọ Switzerland, ló ronú kàn án ní 1941 lẹ́yìn tí òun àti ajá rẹ̀ ti igbó ọdẹ dé tí èso koríko kan lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ó mú orúkọ rẹ̀ látinú ọ̀rọ̀ Faransé méjì, àrán àti ìkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé e ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ní "àrán-oníkọ̀ọ́". Kí ló dé tí a kò ní padà sídìí koríko náà? Èèmọ́ ni ọmọ àgbẹ̀ ń pè é, gbogbo ẹni tó ti gba ọ̀nà oko kọjá lẹ́ẹ̀rùn ló ti já a kúrò létí ṣòkòtò. Èèmọ́ tó mẹ́tà méjì tó ẹ̀kú kan. Kí aránṣọ ṣáà fi àmì ohùn sí i bó bá ń fi fóònù ránṣẹ́ sọ́jà, nítorí èèmọ̀ ni Àgbákò fúnra rẹ̀.

Èèmọ́ máa ń ké fàà bí wọ́n bá ń ṣí i, èrò ìjókòó iwájú á sì gbọ́. Olùdarí tí kò bá fẹ́ ariwo yẹn á ní kí wọ́n fi okùn ta ojóbó sí ẹ̀yìn ẹ̀kú. Wọ́n á fa etí kan, gbogbo rẹ̀ á tú. Ojóbó yìí, kò tíì sẹ́ni tó bá a du orúkọ.